Wọ́n Ní Ara Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣì Lè Ṣiṣẹ́

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn ní Amẹ́ríkà pé kò ní í rí owó disability gbà, ìyẹn owó àìlera tí ìjọba ń san fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kì í bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. Á ka orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gba àkọsílẹ̀, á dárúkọ àìsàn tí ẹni náà ní ó ń ṣe òun, ó tilẹ̀ lè gbà pé ara ń ro ó lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé àìsàn náà kò tíì le débi tí kò fi ní í lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka tiwọn tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé irọ́ ni wọ́n ní mò ń pa ni?"

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe, èyí tí púpọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ ayé níbí: ká gbé wọn dìde, ká yí wọn, ká wẹ̀ fún wọn, ká tì wọ́n lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ẹ̀yìn wọn ṣe é, títí ẹ̀yìn fi kọ̀, orúnkún sì tẹ̀lé e. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn náà kò sọ pé irọ́ ni. Mo ti bá àwọn ará wa mìíràn ka irú rẹ̀ láti ìgbà náà, ohun kan náà ni mo sì ń rí. Àwa rò pé wọ́n ń béèrè bóyá ara wa kò yá, a sì ń fi gbogbo agbára dáhùn pé kò yá. Òfin kò béèrè ìyẹn. Ohun tí ara náà ṣì lè ṣe ló ń béèrè.

Ọdún 1956 ni Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lu òfin tó fi owó àìlera kún Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn tó wà láàárín ọdún 50 sí 64 nìkan ló sì wà fún nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti há. Lónìí, ẹni tó bá ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé àìsàn tàbí ìpalára, ìbáà ṣe ti ara tàbí ti ọpọlọ, kò jẹ́ kí òun lè ṣe iṣẹ́ gidi, pé ó ti wà lára òun fún oṣù 12, tàbí pé ó máa tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé ó lè yọrí sí ikú. Owó tó ń wọlé lóṣù ni wọ́n fi ń wọn ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ gidi: ní ọdún 2025, $1,620 ni fún ẹni tí ojú rẹ̀ ríran, $2,700 ni fún afọ́jú. Kò sí ìlàjì níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ máa ń gba owó tiwọn ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ogún, títí dé ọgọ́rùn-ún, àwọn kan sì rò pé bákan náà ni èyí. Rárá o. Níbí, gbogbo rẹ̀ ni tàbí òfo.

Àpò méjì ló wà, ó sì dára kéèyàn mọ èyí tó ń na ọwọ́ sí. SSDI ni ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́: ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bọ́ sínú Social Security ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó fún un, ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì ń san iye kan náà sí i. SSI ni ti aláìní, ọdún 1972 ni wọ́n ṣòfin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Mo ń sọ èyí torí àwọn ará wa kan ń tijú láti gba ohun tí wọ́n ń pè ní owó ìjọba. Ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti dé, tó ń wo bí owó yẹn ṣe ń bọ́ kúrò nínú owó ọ̀yà rẹ̀, owó rẹ̀ ló ń béèrè.

Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ṣé àìsàn yín le? Ṣé ó bá èyí tó wà nínú ìwé àkójọ àìsàn tiwọn mu? Ṣé ẹ lè padà sídìí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn? (Ọdún 15 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù ní ọdún 2024.) Ìkarùn-ún ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú: ṣé iṣẹ́ mìíràn kan wà níbikíbi ní Amẹ́ríkà tí ara yín ṣì gbà? Òfin kò béèrè bóyá iṣẹ́ náà wà ládùúgbò yín, bóyá àyè ṣófo níbẹ̀, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni máa gbà yín sí i. Ó kàn ní kó ti wà, kó sì pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n mi há sí. Ìjọba gbà pé ẹ̀gbọ́n mi kò lè gbé arúgbó mọ́, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n lè jókòó.

Kí n tó lọ síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́. Ọjọ́ 60 ni èèyàn ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì máa ń kà á láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Wọ́n á gbà pé ó dé lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn déètì tó wà lórí rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá lè fi hàn pé ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tálùbọ̀ yí wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ohun tí ìbínú máa ń mú àwọn èèyàn ṣe ni pé wọ́n á ti lẹ́tà bọ inú dúrọ́ọ̀, wọ́n á ní àwọn fi ìjọba lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tó bá wá di ìgbà pípẹ́, wọ́n á lọ kọ ìbéèrè tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju déètì àkọ́kọ́ nù. Owó tí SSDI lè san sẹ́yìn kò lè ju oṣù 12 lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba ìbéèrè yín, nítorí náà ìbéèrè tuntun ń gé owó náà kúrú. Ohun tó tún burú jù ni pé ààbò tí owó iṣẹ́ yín rà fún yín máa ń parí, ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ó bá ti parí, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ara yín ti bàjẹ́ kó tó parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òní ni ìrora ń pa yín. Mo mọ ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àìsàn wà, ẹ̀rí wà, ọjọ́ ló ti lọ.

Ìpele àkọ́kọ́ ni àtúnyẹ̀wò. Ẹlòmíràn tí kò sí nínú ìpinnu àkọ́kọ́ ló máa tún fáìlì wò, ọ̀pọ̀ jù lọ ni wọ́n sì tún máa ń dá padà. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: àsìkò yẹn ni kéèyàn fi kó ohun tí kò sí nínú fáìlì wọlé, torí pé fáìlì yẹn náà ló máa dé iwájú adájọ́.

Ohun tí kò sí nínú fáìlì ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Wọ́n á wọlé tọ dókítà lọ, dókítà á béèrè pé báwo ni ara, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, ara le." Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ o! Dókítà kò mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi kọ́ ọmọlúàbí láti dá ìkíni padà nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ara aláìsàn ń balẹ̀, kò ní ìráhùn tuntun. Ìgbà tí wọ́n tún padà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí a fi máa gba àkọsílẹ̀ náà tí a sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì, láti òkè délẹ̀, ìdúpẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn tí kò mọ obìnrin náà, tó wá sọ pé ó lè ṣiṣẹ́, kí la máa rí sọ sí i? Ohun tó wà lójú ìwé ló kà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni, àti ọ̀rọ̀ ìtìjú. A tọ́ wa dàgbà pé ohun téèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lè wá bá a gbélé. Onígbàgbọ́ á ní kì í ṣe ìpín òun, mùsùlùmí á ti ní alhamdulillah kó tó jókòó, ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì á tu itọ́ dànù, á ní kí ọ̀tá má gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yẹn, inú rẹ̀ lèmi náà wà. Ṣùgbọ́n àdúrà ní àyè tirẹ̀, yàrá dókítà ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún dókítà pé òun kò lè dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò gbé ara rẹ̀ ṣépè. Ẹ̀rí ló ń jẹ́.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ SSA-3373, tí wọ́n fi ń béèrè bí ẹ ṣe ń lo ọjọ́ yín láti ìgbà tí ẹ bá jí títí di ìgbà tí ẹ bá sùn. Ṣé ẹ ń se oúnjẹ? Ṣé ẹ ń lọ ra ọjà? Ibo lẹ máa ń lọ déédéé? Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé àwọn ń se oúnjẹ, àwọn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ohun tí wọn kò kọ ni pé orí àga ni wọ́n ti ń gé ewébẹ̀, pé ọmọ ló ń gbé ìkòkò kaná tó sì ń sọ̀ ọ́, pé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè máa dìde, pé inú mọ́tò ni wọ́n ti ń nà gbalaja kí ìwàásù tó parí, pé ọjọ́ Ajé kì í bá wọn lórí ìdúró. Ẹni tó ń kà á rí obìnrin tó ń se oúnjẹ tó sì ń jáde. Nígbà tí a jọ ń kọ ti ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, gbogbo ìdáhùn la ń bi léèrè pé: báwo, fún ìgbà wo, ta ló ràn yín lọ́wọ́, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Ó gba àkókò púpọ̀. Wọ́n bínú sí mi, wọ́n ní mò ń tú ìhòòhò àwọn. N kò lè bá wọn jiyàn, ìhòòhò náà ni.

Àsọdùn náà kò sì dára. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun kò lè ṣe ohunkóhun rárá, tí ìwé wá fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá síbi àyẹ̀wò, wọn kò ní í gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọjọ́ tí ara dára wà, ọjọ́ tí kò dára wà. Ẹ kọ méjèèjì, ẹ sì sọ èyí tó pọ̀ jù.

Lẹ́tà dókítà ńkọ́? Gbogbo wa la máa ń sáré lọ gbà á, a ó sì bẹ dókítà kó kọ ọ́ pé aláìsàn yìí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò wúlò tó bí a ṣe rò. Fún ìbéèrè tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2017, òfin kò sọ pé ọ̀rọ̀ dókítà tó ń tọ́jú yín ló gbọ́dọ̀ borí mọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá àyẹ̀wò dókítà náà gbè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, àti bóyá ó bá ìyókù fáìlì mu. Tí dókítà bá sì kàn kọ ọ́ pé ẹ jẹ́ aláàbọ̀ ara, tàbí pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́, wọn kò ka ìyẹn kún ẹ̀rí rárá, torí pé ìjọba ló ni ìpinnu yẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwọ̀n. Ìṣẹ́jú mélòó ni ó lè jókòó kó tó gbọ́dọ̀ dìde? Wákàtí mélòó ní gbogbo ọjọ́? Pọ́ùn mélòó ló lè gbé? Ṣé ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni àìsàn yìí máa mú un pa iṣẹ́ jẹ? Àyẹ̀wò wo ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀? Ojú ìwé kan péré tí dókítà fi dáhùn ìwọ̀nyí ju lẹ́tà mẹ́wàá tó kún fún àánú lọ.

Ìkan tún wà tó jọ mọ́ èyí. Tí ẹ bá ti pẹ́ tí ẹ kò dé ilé ìwòsàn, wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí pé ara kò ro yín tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kò lọ torí pé iṣẹ́ lọ, ìbánigbófò ìlera (insurance) tẹ̀lé e lọ, owó sì tán. Àwọn mìíràn ń lo àgbo. Ẹ sọ ọ́. Òfin ní kí adájọ́ wo ìdí tí ẹni náà kò fi gba ìtọ́jú kó tó fi ìyẹn dá a lẹ́bi, àìsí owó sì wà lára ìdí tó gbọ́dọ̀ wò. Ṣùgbọ́n kò lè wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Tí àtúnyẹ̀wò bá tún já sí òfo, iwájú adájọ́ ló kàn, ọjọ́ 60 mìíràn ló sì wà láti béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ló ń sá síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ adájọ́, ọkàn wọn lọ sí ọlọ́pàá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹnìkan ti máa kọ́kọ́ wo ojú yín nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń rí tiwọn gbà. Yàrá kékeré ni, ó sì lè jẹ́ lórí fóònù tàbí lórí fídíò. Adájọ́ máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀yin àti agbẹnusọ yín, àti onímọ̀ kan nípa iṣẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹnìkan ṣoṣo ló wá rojọ́, ìjọba kì í rán lọ́yà wá bá a jiyàn. Adájọ́ ni kó wá òótọ́ ìhà méjèèjì. Ìwé tí ẹ bá fẹ́ kó kà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú, tàbí kí ẹ ti sọ fún un pé ó ń bọ̀.

Ẹni tó fa ojú mi mọ́ra jù níbẹ̀ ni onímọ̀ nípa iṣẹ́. Adájọ́ á ní: ká sọ pé ẹnìkan wà, ọjọ́ orí rẹ̀ báyìí, ìwé tó kà báyìí, kò lè gbé ju pọ́ùn mẹ́wàá lọ, ó lè jókòó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ṣé iṣẹ́ wà fún un? Onímọ̀ á dárúkọ iṣẹ́ kan, á sì sọ iye rẹ̀ tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Láti inú ìwé atúmọ̀ iṣẹ́ kan tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ṣe ni orúkọ àwọn iṣẹ́ náà ti ń wá, ọdún 1991 ni wọ́n sì tún un ṣe kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣa kóró èso tó bàjẹ́ kúrò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ àdírẹ́sì sára àpòòwé wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi páìpù afẹ́fẹ́ ta ìwé láti yàrá dé yàrá náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dá àwọn aláìsàn padà sílé nítorí irú iṣẹ́ báyìí, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Social Security ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ iṣẹ́ tó lé ní 100 kúrò nínú èyí tí wọ́n lè fi kọ̀ fún èèyàn, wọ́n sì ní kí ẹ̀rí pọ̀ sí i kí wọ́n tó lo díẹ̀ nínú àwọn mìíràn. Ó ti pẹ́ jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó dé.

Kí ẹ má rò pé bí ẹ bá ti ní kí onímọ̀ náà fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn, ó pọn dandan kó ṣe é. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Biestek, pé kíkọ̀ tó bá kọ̀ nìkan kò sọ ẹ̀rí rẹ̀ di asán. Ohun tí agbẹnusọ tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé á fi tirẹ̀ kún àpèjúwe adájọ́: ká wá sọ pé ẹni yìí tún gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sàn-án ńkọ́? Ká sọ pé yóò máa pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù? Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ náà á dáhùn pé kò síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé dókítà. Ẹ rí i pé ibi tá a ti ń bọ̀ la tún padà sí.

Ọjọ́ orí ń ràn èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti pé 50, tí kò lè ṣe ju iṣẹ́ ìjókòó lọ, tí kò sì ní ìmọ̀ iṣẹ́ tó lè gbé lọ síbòmíràn, ìlànà fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni 45 lọ, ó sì tún dẹ̀ sí i láti 55. Ti èdè ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ro ti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọ̀rọ̀ ìwé kíkà rẹ̀. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò láti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2020. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ẹ gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kọ́ ni ará oko. Èmi kò rí ìgbéraga tó náni lówó tó ti Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ìrora kì í sábà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá níwájú adájọ́. Nígbà tí adájọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, Yorùbá ni wọ́n fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún wá ibi tí yóò gbà wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ògbufọ̀ gbé e bó ṣe rí, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́yà ńkọ́, owó dà? Ẹ kò ní í san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Tí ẹ bá jàre, nínú ìdá mẹ́rin owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó oṣù tó ti kọjá tí wọn kò tíì san fún yín, ni yóò mú ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju $9,200 lọ lábẹ́ àdéhùn tó wọ́pọ̀ ní ọdún 2025. Tí ẹ bá jẹ̀bi, kò gba nǹkan, àfi bóyá owó tó fi gba àwọn ìwé. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó ọwọ́ wá kí òun tó "bá yín rí àwọn èèyàn òun nínú ọ́fíìsì", ẹ sá fún un, kódà bó bá jẹ́ ará ìlú yín. Pàápàá bó bá jẹ́ ará ìlú yín.

Fún àwọn tó ń béèrè SSI, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ àjọ. Ohun ìní ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ ju $2,000 lọ, ti tọkọtaya kò gbọ́dọ̀ ju $3,000, iye yìí kò sì yí padà láti ọdún 1989. Owó tó bá wà nínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín nìkan, tiyín ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà á sí. Ìyá tó ń gba àjọ fún obìnrin mẹ́wàá, tí gbogbo owó ń gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá, lójú ìwé, olówó ni. Òun ló máa wá kó ẹ̀rí jọ pé owó àwọn ẹlòmíràn ni. Ilẹ̀ tí ẹ rà sílé tí ẹ kò gbé lórí rẹ̀, wọ́n lè kà á mọ́ ohun ìní náà. SSDI ní tirẹ̀ kò ka ìyẹn sí.

Ẹni tí adájọ́ bá dá padà ṣì lè lọ sọ́dọ̀ Appeals Council, ìgbìmọ̀ Social Security tó ń tún ìdájọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ kì í tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń wò bóyá ẹ̀rí tó tó wà lábẹ́ ìpinnu náà, àti bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin. Nígbà tí ó bá gbà pé àṣìṣe wà, ó sábà máa ń dá a padà fún adájọ́ láti tún un gbọ́ ni. Ọdún á ti gorí ọdún. Ohun tí mo kórìíra nínú ètò yìí nìyẹn: ẹni tí kò ní owó, tí kò ní àlàáfíà, ni wọ́n ní kó ní sùúrù. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò. N kò gbà pé ó yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jàre níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí adájọ́ mú ni ìgbà tí àkọsílẹ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkodoro, èyí tó já sí pé gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń sọ pé ara le kò ní owó nínú. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n tún yọ oṣù márùn-ún tí SSDI kì í san, Medicare, ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, sì ní láti dúró fún oṣù 24 lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ sí owó bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ iye tó kù fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní í sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, torí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n títí yóò fi dé bá wọn. Lẹ́yìn tí owó bá ti ń wọlé, wọ́n ṣì máa padà wá wò bóyá ara ti dá: láàárín ọdún kan àti ààbọ̀ tí wọ́n bá rò pé yóò sàn, bí ọdún mẹ́ta tí ó bá ṣeé ṣe kó sàn, bí ọdún méje tí wọn kò bá retí rẹ̀. Nítorí náà, fáìlì náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, a sì ń fi ìwé kún un. Tí wọ́n bá ní ara ti dá, tí wọ́n fẹ́ dá owó dúró, ọjọ́ 60 ṣì wà láti pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí owó máa wọlé lọ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, ọjọ́ 10 péré ló ní láti fi béèrè fún ìyẹn lẹ́yìn tí lẹ́tà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè dá owó náà padà tó bá jẹ̀bi.